Ọwọ́ Ta Ni Èdìdì Ìjọ Wà?

 

Iṣẹ́ tí a fi lé àwa Ìgbìmọ̀ Ìròyìn lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ yìí ni kí á bá yín sọ̀rọ̀ lórí bí a ó ti máa tọ́jú àwọn ojú òpó Ìjọ lórí ayélujára, èyíinì ni Facebook, YouTube, WhatsApp àti irú wọn, àti lórí àwọn tí ó yẹ kí á fún ní àṣẹ láti máa wọ inú wọn. A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin àgbà yóò máa wí nínú ọkàn yín pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ni èyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ wa. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kọ́ ni a bá dìde. Ọ̀rọ̀ èdìdì ni.

Ẹ rántí Nábótì ará Jésírẹ́ẹ̀lì, ẹni tí ó ní ọgbà àjàrà lẹ́bàá ààfin Áhábù. Jésébẹ́lì kò gbé idà, kò sì rán ọmọ ogun. Ìwé ni ó kọ ní orúkọ ọba, ó fi èdìdì ọba dì í, ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn àgbààgbà ìlú. Àwọn àgbààgbà náà rí èdìdì, wọn kò sì béèrè ọwọ́ tí ó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ṣe gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ti wí, a sì sọ ẹni tí kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan lókùúta pa. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé èdìdì náà kì í ṣe ayédèrú. Ojúlówó ni. Ọwọ́ tí ó bọ́ sí ni kò tọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú òpó Ìjọ rí lónìí. Ohunkóhun tí ó bá ti ibẹ̀ jáde, àwọn ènìyàn wa gbà pé Ìjọ ni ó sọ ọ́.

Ẹ̀ka kan wà nínú àwọn ẹ̀ka wa tí a kò ní dárúkọ, nítorí pé ohun tí ó dé bá wọn lè dé bá ẹ̀ka èyíkéyìí tí ó jókòó síhìn-ín. Ẹnì kan pe arákùnrin tí ń bójú tó ẹgbẹ́ WhatsApp wọn lórí fóònù. Ó ní òun ń forúkọ àwọn aṣojú sílẹ̀ fún ìpàdé kan tí a ó ṣe lórí ayélujára, pé nọ́ńbà 6 kan yóò wọlé sórí fóònù arákùnrin náà, kí ó jọ̀wọ́ kà á sí òun létí. Arákùnrin wa kà á. Nọ́ńbà tí WhatsApp fi ń dá onífóònù mọ̀ ni. Kí aago àdúrà ìrọ̀lẹ́ tó lù, olè ti jókòó sínú orúkọ rẹ̀, ó sì ti kọ ọ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run wà ní ilé ìwòsàn, pé a nílò owó kíákíá, àkáǹtì rẹ̀ nìyí. Opó kan tí ń ta gàrí fi owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tí a wádìí ọ̀ràn náà, àwọn kan ń sọ pé ìyá náà kò fara balẹ̀. A kò fara mọ́ èyí. Ohùn Ìjọ rẹ̀ ni ó gbọ́, ó sì gbọ́ràn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ ọ láti ọjọ́ tí ó ti wọ inú Ìjọ. Ọ̀dọ̀ àwa tí a mú èdìdì lọ́wọ́ ni kí á ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ẹni tí ó ni ojú òpó. Nígbà tí àwọn baba wa ń ra ilẹ̀ ilé àdúrà, wọn kò kọ ìwé ilẹ̀ ní orúkọ ẹni tí ó mọ onílẹ̀ tàbí ẹni tí ó rìn jù nínú ọ̀ràn náà. Orúkọ àwọn Alágbàtọ́ Ohun-ìní Ìjọ ni wọ́n fi kọ ọ́. Òfin Nàìjíríà lórí àwọn ilé-iṣẹ́, èyí tí a tún ṣe ní ọdún 2020, ní apá kan tí ó wà fún irú àwọn alágbàtọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ hàn gbangba: bí alágbàtọ́ kan bá kú, ilẹ̀ Ìjọ kò di ogún àwọn ọmọ rẹ̀, bí ó bá sì bínú kúrò láàárín wa, kò lè ká ilé àdúrà mọ́ ẹní rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ṣí ojú òpó wa? Ọ̀dọ́ kan tí ó ní ìtara ni ó fi ìmeèlì ara rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀ ṣí i ní alẹ́ ọjọ́ kan. A yìn ín, ó sì yẹ kí á yìn ín, nítorí pé bí kò bá sí irú rẹ̀, a kò ní ní ojú òpó rárá. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó lọ sí Kánádà, tàbí ó fẹ́yàwó lọ sí ìjọ mìíràn, tàbí ó sùn nínú Olúwa, tí fóònù rẹ̀ sì wà nínú àpótí ìyàwó rẹ̀ láìsí ẹni tí ó lè ṣí i. Ojú òpó náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ṣì ń kọ̀wé sí i, wọ́n ń béèrè àkókò ìsìn àti ọ̀nà ilé àdúrà, kò sí ẹni tí ó dá wọn lóhùn. Ẹ̀ka náà yóò wá ṣí òmíràn. Ó di méjì, àlejò kò sì mọ èyí tí í ṣe òótọ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ṣí ẹ̀kẹta láti fi jalè yóò rí ibi fara pamọ́ sí láàárín wọn.

Nítorí náà, ìmeèlì tí a bá fi ṣí ojú òpó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọ́fíìsì Ìjọ. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ti pásítọ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ ti olórí ọ̀dọ́, bí ó ti wù kí wọ́n jẹ́ olóòótọ́ tó. Èyí kò ní í ṣe pẹ̀lú ìwà wọn. Ikú kò mọ olóòótọ́ yàtọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ojú òpó Facebook ti Ìjọ ní password kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú òpó bẹ́ẹ̀ kò ní password tirẹ̀ rárá. Ènìyàn ni ó ń gba orúkọ ara rẹ̀ wọlé, tí Facebook sì rí i pé a ti fún un ní àṣẹ lórí ojú òpó náà. Àwọn ẹ̀ka kan wà tí wọ́n dá orúkọ ènìyàn tí kò sí sílẹ̀, tí ọmọ ẹgbẹ́ 7 tàbí 8 sì ń fi password kan náà wọ inú rẹ̀. Èyí lòdì sí òfin Facebook, nítorí pé ẹnì kan ni ó ní orúkọ kan níbẹ̀, wọ́n sì lè tì í pa nígbàkígbà. Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ bá jáde, kò sí bí a ó ti mọ ọwọ́ tí ó kọ ọ́. Àwọn mẹ́jọ ni ó ní kọ́kọ́rọ́, gbogbo wọn ni yóò sì búra.

Kí olúkúlùkù máa wọlé ní orúkọ ara rẹ̀, kí á sì fún un ní ìwọ̀n àṣẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ bèèrè. Facebook fi ààyè sílẹ̀ fún èyí. Àṣẹ kíkún wà, èyí tí ẹni tí ó ní in lè fi gba ènìyàn wọlé, lè fi lé ènìyàn jáde, lè fi pa ojú òpó rẹ́ pátápátá. Àwọn àṣẹ kéékèèké sì wà: ti ẹni tí yóò máa kọ ìròyìn síbẹ̀, ti ẹni tí yóò máa dáhùn ìwé tí àwọn ènìyàn bá kọ, ti ẹni tí yóò máa bójú tó ìpolówó. YouTube náà ní tirẹ̀: olóhun, alábòójútó, olóòtú, títí dé ẹni tí ó kàn lè wo ohun tí ń lọ láìfọwọ́ kàn án, a sì lè pè wọ́n wọlé láìsọ password fún ẹnikẹ́ni. Arábìnrin tí ń gé fídíò ìwàásù kò nílò agbára láti pa ojú òpó rẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń lu agogo kò ti nílò kọ́kọ́rọ́ àpótí owó. Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, nígbà tí a yan àwọn méje láti máa bójú tó oúnjẹ àwọn opó, oúnjẹ ni a fi lé wọn lọ́wọ́.

Ní ti àṣẹ kíkún, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn 3: akọ̀wé ẹ̀ka, ẹni tí ó ń ṣe olórí iṣẹ́ ìròyìn níbẹ̀, àti ẹnì kan láti ọ́fíìsì àgbègbè. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ọjọ́ tí àìsàn bá dá a dùbúlẹ̀ ni a ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wa síta. Bí ó bá sì jẹ́ 10, ó ti di ọjà.

A fẹ́ sọ̀rọ̀ nísinsin yìí lórí gbígba kọ́kọ́rọ́ padà, nítorí pé ìtìjú ni ó ń dí wa lọ́wọ́ níbẹ̀ ju àìmọ̀ lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ HMV ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ẹ̀yin àgbà mọ orúkọ náà; òun ni ó wà lára àwo giramafóònù tí a ya ajá sí. Àwọn tí a ń dá dúró pọ̀, nínú wọn sì ni ẹni tí ó ní àṣẹ lórí ojú òpó Twitter ilé-iṣẹ́ náà wà. Láti inú yàrá ìpàdé tí a ti ń lé wọn, ó ń fi ojú òpó ilé-iṣẹ́ ròyìn fún gbogbo ayé bí ìlélọ náà ti ń lọ. Àwọn ọ̀gá kò mọ bí a ti ń pa á mọ́lẹ̀. Ìtìjú ńlá ni, síbẹ̀ kò sí olè kankan tí ó fọ́ ilẹ̀kùn. Àwọn ni wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́, wọn kò sì rántí bèèrè rẹ̀.

Láàárín wa, a kì í fẹ́ kí ẹni tí ó fi ipò sílẹ̀ rò pé a ń fura sí i. Ṣùgbọ́n akọrin tí ó bá fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ a máa dá aṣọ akọrin padà, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní olè nítorí èyí. Kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún ojú òpó pẹ̀lú. Ní ọjọ́ tí a bá ṣe ìdúpẹ́ fún òṣìṣẹ́ tí ń lọ, kí akọ̀wé yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ní ọjọ́ náà gan-an, kì í ṣe ní oṣù tí ń bọ̀. Ẹ rántí pé nígbà tí Nehemáyà padà láti ọ̀dọ̀ ọba, ó bá Tòbáyà nínú iyàrá tẹ́mpìlì tí ó yẹ kí a máa kó ohun èlò Olúwa sí. Ó kó ẹrù Tòbáyà jáde, ó ní kí a wẹ iyàrá náà mọ́, lẹ́yìn náà ni ó dá ohun èlò padà sí ipò wọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò dúró sórí kíkó ẹrù jáde. Bí ẹ bá yọ ènìyàn kúrò, ẹ wo àwọn ẹ̀rọ tí ó ṣì wà nínú ojú òpó náà, ẹ lé gbogbo èyí tí ẹ kò dá mọ̀ jáde, ẹ sì pa password ìmeèlì ọ́fíìsì dà. WhatsApp pàápàá lè wà lórí ẹ̀rọ 4 mìíràn yàtọ̀ sí fóònù fúnra rẹ̀. Ẹ lọ wò ó, ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tí ẹ ti tà ṣì ń ka ọ̀rọ̀ yín.

Password nìkan kò tó mọ́. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ní àṣẹ lórí ojú òpó Ìjọ tan ìdánilójú onígbèésẹ̀ méjì, kí ó lè jẹ́ pé ẹni tí ó bá mọ password yóò tún fi nọ́ńbà kan hàn kí ó tó wọlé, bí báńkì ti ń fi nọ́ńbà OTP dán wa wò. Àmọ́ nọ́ńbà tí ó ń gba orí síìmù wá ní àléébù, àléébù náà sì kan àwa ìjọ tí ń ṣí òjíṣẹ́ nípò ju ẹlòmíràn lọ. A ó gbé pásítọ̀ láti Accra lọ sí Kàdúná. Síìmù Gánà rẹ̀ yóò wà nínú dúrọ́ọ̀. Ní Nàìjíríà, bí oṣù 6 bá kọjá tí a kò lo nọ́ńbà kan, ilé-iṣẹ́ fóònù lè tì í pa, kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíràn nígbà tó bá yá; ní àwọn ilẹ̀ mìíràn náà, wọ́n ń tún nọ́ńbà lò. Ẹni tí kò mọ̀ wá rí yóò ra síìmù ní ẹ̀gbẹ́ títì, nọ́ńbà ìṣílẹ̀kùn ojú òpó Ìjọ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí wọlé tọ̀ ọ́ wá. Kò jalè, a ta á fún un ni. Ní gbogbo ìgbà tí ìwé ìṣípòpadà bá jáde, ẹ béèrè pé: nọ́ńbà wo ni ó wà lórí ojú òpó wa?

Ọ̀nà tí ó dára jù ni áàpù tí ń pèsè nọ́ńbà fúnra rẹ̀ lórí fóònù, irú Google Authenticator. Nọ́ńbà rẹ̀ ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30, kò gba orí síìmù, kò sì nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èyí tí yóò dùn mọ́ ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìgbèríko. Ìmeèlì Google a sì máa fúnni ní nọ́ńbà ìpamọ́ 10 fún ọjọ́ tí fóònù bá sọnù. Ẹ tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, ẹ fi wọ́n sínú àpótí irin pẹ̀lú ìwé ilẹ̀. Ẹ má ṣe ya fọ́tò wọn sórí fóònù kan náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àwọn ńlá kò lè ṣubú níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí á sọ ti àjọ SEC, àjọ Ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣe àkóso ọjà ìpín ìdókòwò. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2024, ìkéde kan jáde lórí ojú òpó X wọn pé wọ́n ti fọwọ́ sí irú ìdókòwò tuntun kan lórí owó bitcoin. Irọ́ ni, ní ọjọ́ náà. Ìgbìmọ̀ olè kan ti gbé ìwé ìdánimọ̀ ayédèrú lọ sí ilé ìtajà fóònù, wọ́n gba síìmù tuntun tí ó ní nọ́ńbà tí a so mọ́ ojú òpó náà, wọ́n sì fi pa password dà. Kí ni ìdánilójú onígbèésẹ̀ méjì ń ṣe? Wọ́n ti ní kí a pa á láti oṣù keje ọdún 2023, nítorí pé ó ń yọ wọ́n lẹ́nu láti wọlé, wọn kò sì rántí tàn án padà. Oṣù 6 ni ilẹ̀kùn náà fi wà láìní ẹ̀ṣọ́, nítorí ìnira ọjọ́ kan. Àwọn òṣìṣẹ́ wa náà máa ń ráhùn pé nọ́ńbà yìí ń dá wọn dúró nígbà tí ìsìn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. A gbọ́. Kí wọ́n tètè dé.

Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹnu tí ògiri tiwa sì sábà máa ń là ni ìbẹ̀rù. Ìwé kan yóò wọlé pé orin tí ẹgbẹ́ akọrin kọ ní ọjọ́ Ìsinmi jẹ́ ti ẹlòmíràn, pé a ó pa ojú òpó yín rẹ́ láàárín wákàtí 24 àfi bí ẹ bá tẹ ibí yìí kí ẹ sì kọ password yín. Nítorí pé YouTube àti Facebook máa ń kìlọ̀ nípa orin lóòótọ́, àyà àwọn ọmọ wa a já, wọn a tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe tẹ ohunkóhun nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ pa á tì, kí ẹ gba ẹnu ọ̀nà tí ẹ mọ̀ wọ inú ojú òpó yín. Bí ìkìlọ̀ bá wà, ẹ ó bá a níbẹ̀.

Irú mìíràn wà tí kò bèèrè password rárá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, Google ròyìn bí àwọn ọ̀daràn ti ń kọ̀wé sí àwọn tí ó ní ojú òpó YouTube bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bá wọn ṣòwò, tí wọ́n sì ń fi ètò kọ̀ǹpútà tí a ti lọ́ májèlé sí ránṣẹ́. Bí kọ̀ǹpútà bá ti gbé e mì, ó ń jí àmì tí ó sọ fún YouTube pé ẹni yìí ti wọlé tẹ́lẹ̀. Olè yóò gbé àmì náà dání wọlé, ẹ̀ṣọ́ kò sì ní bi í léèrè nǹkan kan. Ojú òpó tí wọ́n bá gbà, wọn a fi polówó ìdókòwò ẹ̀tàn. Nítorí èyí ni a fi ń bẹ̀ yín pé kọ̀ǹpútà tí a fi ń gbé ìsìn sórí ayélujára kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí a fi ń ṣe ohun mìíràn. Kí a má ṣe gba fíìmù sórí rẹ̀, kí a má sì ṣe fi ètò ayédèrú tí a rà ní ẹ̀gbẹ́ títì sínú rẹ̀ nítorí pé ojúlówó wọ́n. A ń na owó lórí òdòdó pẹpẹ.

Ẹ̀yin ará, apá tí ó wúwo jù lọ́kàn wa ni a dé yìí. Àwọn ènìyàn ń kọ ẹ̀bẹ̀ àdúrà sínú àpótí ìwé ojú òpó wa, pàápàá ní ọ̀gànjọ́ òru. Obìnrin tí ó ti ń wá ọmọ láti ọdún 11 kọ̀wé. Ọkùnrin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ orúkọ àìsàn rẹ̀ fún kọ̀wé, kò tíì sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ohun kan ṣẹlẹ̀ sí nínú ilé bàbá rẹ̀ kọ̀wé. Láyé àtijọ́, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wá sí yàrá àdúrà, Wòlíì nìkan ni ó ń gbọ́ ọ, a sì mọ ohun tí a ń pè ní àṣírí. Lónìí, bí ènìyàn 8 bá ní àṣẹ lórí ojú òpó, fóònù 8 ni ọ̀rọ̀ obìnrin náà ń dún lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: nínú bọ́ọ̀sì, lórí tábìlì oúnjẹ, lọ́wọ́ àbúrò tí ó yá fóònù láti gbá eré. Kò sí olè kankan nínú èyí. Àwọn ọmọ wa olóòótọ́ ni. Síbẹ̀, bí obìnrin náà bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn ní ọjà, yóò ha tún bá wa sọ̀rọ̀ mọ́ bí?

Òfin ilẹ̀ pẹ̀lú ti sọ̀rọ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ènìyàn tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn mọ́ àwọn ohun ẹlẹgẹ́ tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ lọ́nà àkànṣe. Gánà ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2012. Ṣùgbọ́n bí kò tilẹ̀ sí òfin, ó yẹ kí ó tì wá lójú.

Ìpinnu tí a mú wá fún ìfọwọ́sí yín ni pé kí ẹni 2 péré ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ láti ka àpótí ìwé, kí wọ́n jẹ́ ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti gbé e débi ìsinmẹ̀dọ̀, kí òjíṣẹ́ ẹ̀ka sì gbàdúrà lé wọn lórí gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́. Kí wọ́n má ṣe ya fọ́tò ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má ṣe gbé e lọ sí ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn alábẹ̀bẹ̀, àní bí wọ́n bá tilẹ̀ yọ orúkọ kúrò, nítorí pé ní ẹ̀ka kékeré gbogbo wa ni a mọ ẹni tí ó ń wá ọmọ láti ọdún 11. Kí wọ́n fún oníbẹ̀bẹ̀ ní nọ́ńbà òjíṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ kúrò lórí ojú òpó, kí wọ́n sì pa èyí tí ó wà níbẹ̀ rẹ́.

Ní ti owó, ọ̀rọ̀ wa kò gùn. Ìjọ kò ní fi ojú òpó kankan bèèrè owó sínú àkáǹtì tí ó ní orúkọ ènìyàn. Àkáǹtì tí ó wà lórí ìwé ẹ̀rí owó Ìjọ ni kan ṣoṣo. Kí àwọn òjíṣẹ́ máa tún èyí sọ lórí pẹpẹ ní Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù kọ̀ọ̀kan, ní èdè tí àwọn ìyá ọlọ́jà gbọ́. Ẹni tí ó bá rí ẹ̀bẹ̀ owó, kí ó fi nọ́ńbà tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ pe òjíṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà tí ó wà nínú ìwé náà. A ti ń fi ẹ̀rọ sín ohùn ènìyàn jẹ báyìí, nítorí náà ohùn tí ó wà nínú àkásílẹ̀ kò tó ẹ̀rí mọ́. Ísákì pàápàá gbọ́ ohùn, ó fọwọ́ kan ọwọ́, ó sì súre fún ẹni tí kò rò.

Bí ọjọ́ ibi bá sì dé, tí a gba ojú òpó lọ́wọ́ ẹ̀ka kan, kí wọ́n má ṣe fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Láàárín wákàtí kan, kí wọ́n kéde rẹ̀ fún àwọn ọmọ Ìjọ nípa gbogbo ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ní. Èyí ni ìdí tí kò fi dára kí ẹ̀ka ní ojú òpó kan ṣoṣo. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022 tí Ìjọba fi ti Twitter pa ní Nàìjíríà, ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn dákẹ́ ni. Bí ó bá jẹ́ WhatsApp, ẹ tún forúkọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ lórí fóònù yín lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà 6 tuntun tí ó bá wọlé yóò lé olè jáde. Bí ó bá ti fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀ tì í, ẹ lè dúró ní ọjọ́ 7 kí ẹ tó lè lò ó, ṣùgbọ́n òun náà kò ní lè lò ó mọ́. Kí ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ náà kí ẹ tó fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tiyín síbẹ̀. Fún Facebook, ẹ lọ sí facebook.com/hacked. Kí ẹni tí ó ti fi owó ránṣẹ́ sáré pe báńkì rẹ̀ kí ó tó pe ẹnikẹ́ni nínú wa.

Opó tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú, ẹ̀ka rẹ̀ ti dá owó náà padà fún un láti inú àpótí àánú. A rò pé ohun tí ó tọ́ ni, a sì dábàá pé kí ó di ìlànà fún gbogbo ẹ̀ka: owó tí ọmọ Ìjọ bá pàdánù nípasẹ̀ ojú òpó tí a fi orúkọ Ìjọ ṣí, kí ẹ̀ka jíròrò lórí bí a ó ti dá a padà. Èyí yóò mú kí àwọn àgbà fi ojú sí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́.

A ti pín fọ́ọ̀mù kan fún àwọn akọ̀wé àgbègbè. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ gbogbo ojú òpó tí ó ní sínú rẹ̀, àwọn tí ó ní àṣẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú àṣẹ tí wọ́n ní, àti ìmeèlì àti nọ́ńbà tí a so mọ́ ọn. Ẹ má ṣe kọ password kankan sórí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ kọ ọ́, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe àwa. Èyí tí ó wà ní èdè Faransé fún ẹ̀ka Kútọnu, Lomé àti Abidjan wà lọ́wọ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ wa ní ẹnu ọ̀nà apá òsì. A ó gba gbogbo rẹ̀ kí ìsìn ìdágbére tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi.